Gbéborùn Ló Yẹ Kí Ẹ Fi Ṣe Alága

Ẹ fa àga yẹn mọ́ra, ẹ má jókòó sójú oòrùn. Oòrùn Àbújá ò mọ àlejò, kò sì mọ onílé. Ẹ ní kí n sọ bí ayẹyẹ òpin ọdún àdúgbò wa ṣe dìjà, tó tún padà dẹ̀rín. Màá sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló sọ fún yín, ẹ ní atẹ́gùn ni. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Ojú mi ló máa ń ríran jù, ẹnu mi ò sì lè gbà á mọ́ra.

Kúlọ́ọ̀sì tiwa ní Kubwa níbí kò tó ogún ilé. Yorùbá wà níbẹ̀, Íbò wà níbẹ̀, àwọn Tífí àti Ígálà náà ò gbẹ́yìn. Géètì ńlá kan wà níwájú, mẹ́gáàdì wa ló ń ṣọ́ ọ. Géètì kékeré kan tún wà lẹ́yìn, ó já sí ojú ọ̀nà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà. Ẹ fi géètì kékeré yẹn sọ́kàn o, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Alága ẹgbẹ́ àdúgbò wa, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n. Bàbá tó máa ń wọ búbá funfun, tó máa ń há fáìlì mọ́ abíyá lọ ra búrẹ́dì. Iṣẹ́ ìjọba ló ti fẹ̀yìn tì. Bàbá fẹ̀yìn tì, fáìlì ò fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ó ní fáìlì fún iná, ó ní fún omi, ó tún ní fún owó tó bá fún òun lọ sọ́jà. Mi ò ní sọ ohun tó wà nínú fáìlì ọjà yẹn. Ẹ tún bi mí tó bá yá.

Abẹ́ igi máńgòrò Lándílọ́ọ̀dù wa ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́. Àwọ̀ ànkárá nìkan gbà wọ́n láti ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ títí ẹ̀fọn fi wá bá wa dá sí i. Akápò, tó ń ta aṣọ ní Wuse, ní àfi àwọ̀ ewé. Ṣé ẹ rò pé ó kàn fẹ́ràn àwọ̀ ewé ni? Àwọ̀ ewé ló kù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo dákẹ́. Wọ́n dé orí ẹran, wọ́n ní màlúù kan. Wọ́n dé orí DJ. Ìgbà náà ni Alága wá ní ọmọ àdúgbò wa kan tó ń ṣe kọngílá ti fi àwọn àpò ìrẹsì ta wá lọ́rẹ, kí a pín in fún àwọn opó àtàwọn ọmọ wẹ́wẹ́. A pàtẹ́wọ́ gbuurugbu.

Àtẹ́wọ́ ò tíì rọlẹ̀ tí Akọ̀wé ti gbé e sórí WhatsApp: “Ìrẹsì ọ̀fẹ́ fún tọmọdé tàgbà! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbà!” Ọmọkùnrin yẹn, ìka ọwọ́ rẹ̀ yá ju orí rẹ̀ lọ. Kí n tó wọlé kí n bọ́ ìró, àbúrò mi ti fi í ránṣẹ́ sí mi láti Mararaba, ó ń bi mí pé aago mélòó ni kí òun gbéra. Mararaba o! Mararaba tí kò tilẹ̀ sí nínú Àbújá, ìpínlẹ̀ Násáráwá ni. Bí ìrẹsì bá ti dé Mararaba lórí fóònù, ó ti kọjá Nyanya nìyẹn, ó ti ya Karu, ó ti sùn ní Jikwoyi. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ti Akọ̀wé yìí tiẹ̀ kọ́kọ́ ba àbúrò mi.

Ní ìpàdé kejì, mo nawọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni à ń retí gan-an? Ibo ni wọ́n máa gbà wọlé? Ibo ni wọ́n máa gbà jáde?” Alága wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀. “Ìyá Ìbejì, gbéborùn yín ti ń pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká gbáralé Ọlọ́run.” Akápò rẹ́rìn-ín, ó fi gèlè bo ẹnu. Mo ní Ọlọ́run ń bẹ lóòótọ́, òun náà ló fún wa lójú, kò sì fún wa ká fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀rín tì díẹ̀ níbí. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọjọ́ Sátidé ni. Ní Maitama, níbi tí ọgbà ilé ẹnìkan ti fẹ̀ ju kúlọ́ọ̀sì wa lọ, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Trinity fẹ́ pín oúnjẹ fún àwọn aláìní kí Kérésì tó dé. Inú rere ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe inú rere. Àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀ láti Mpape, wọ́n ti Gishiri wá. Nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni gbogbo rẹ̀ dàrú, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ò tíì fọ eyín. Èèyàn 10 ló kú, 4 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Èèyàn 8 fara pa. Àwọn ọlọ́pàá ní àwọn kó èèyàn tó lé ní 1,000 jáde níbẹ̀ láìséwu.

Ọjọ́ yẹn kan náà, ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra, èèyàn 22 kú níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba ìrẹsì. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, ọjọ́ 18, ọmọ 35 ló lọ síbi ayẹyẹ ọmọdé ní Islamic High School ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, tí wọn ò padà wálé mọ́. Ẹ rò ó pọ̀: 67, láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ààrẹ Tinubu fagi lé ayẹyẹ tó fẹ́ lọ l'Ékòó lọ́jọ́ náà. Kò síbọn níbẹ̀ o. Kò sí bọ́ǹbù, kò síná. Oúnjẹ ni, àti ẹnu ọ̀nà.

Mo sì ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọ̀kánjúà ló pa wọ́n. Irọ́ ni. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, N70,000, kò ra odidi àpò ìrẹsì kan. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jókòó sílé, ebi ò tíì jí i lóru rí. Ẹni tí à ń bi ní ìbéèrè ni ẹni tó ní kí wọ́n máa bọ̀, tí kò ṣírò ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Gbogbo èyí ni mo rò lójú wọn. Wọ́n ṣe bí ẹni tó gbọ́, wọ́n fẹ́ padà sórí DJ. Àfi bí Nọ́ọ̀sì ṣe dìde. Nọ́ọ̀sì yìí, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní kí ọmọdé kan lọ mú ṣọ́ọ̀kì wá. Ó fa ìlà onígun mẹ́rin sí orí kankéré iwájú ilé Lándílọ́ọ̀dù, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Ó ní kí Akọ̀wé àti DJ wọ inú rẹ̀. Àwọn méjèèjì ráyè jó. Ó tún fi ẹni méjì sí i. Wọ́n di mẹ́rin, wọ́n ṣì lè yọ fóònù lápò. Ó ní kí Alága bọ́ síbẹ̀. Bàbá wọlé, ó gbé fáìlì lé orí. Ó wá ní kí Màmá Alásè máa bọ̀ ṣìkẹfà, ẹ̀yin náà sì mọ Màmá Alásè. Wọ́n fi agbára káká gbà á. Akọ̀wé pariwo pé òun ò rí ẹsẹ̀ òun mọ́. Alága ní kí ẹnikẹ́ni má mí. Àwa tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó dáa. Ẹ fojú inú wo igba èèyàn lẹ́yìn yín, gbogbo wọn ń tì bọ̀, wọn ò sì rí yín.” Ẹ̀rín kú. Ó ní tí èèyàn bá ti kọjá márùn-ún nínú ìlà onígun mẹ́rin yẹn, ewu ti wọ̀ ọ́. Tó bá ti fún jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́, èrò ló ń gbé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í ṣe ìkà. Wọ́n kàn gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú ni, wọ́n rò pé àyè ti ṣí. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹn ló ń ṣù jọ sí àyà ẹni tó wà lẹ́nu géètì. Ó ní à ń pè é ní ìtẹ̀pa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń kú nínú irú èrò bẹ́ẹ̀, orí ìdúró ni wọ́n ń kú sí. Wọn kì í ráyè ṣubú pàápàá. Àyà wọn ni kò ríbi fẹ̀ sí kí wọ́n tó mí.

Mo bi í pé kí lèèyàn lè ṣe bó bá bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé apá méjèèjì sókè síwájú àyà bí ẹni tó fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́, ó ní kí àyè díẹ̀ lè wà fún mímí. Bí bàtà bá jábọ́, ó lọ nìyẹn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mú un. Ẹ gbé ọmọ sókè. Ẹ má bá èrò jìjàkadì, nígbà tí wọ́n bá rọlẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa yà gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Akápò bi í pé gèlè náà ńkọ́? Ẹ ò rí i bí Ọlọ́run ṣe dá àwọn èèyàn?

Kí ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tébi ń pa nìkan ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ yẹn, bí Asake bá wúkọ́, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, Asake fẹ́ kọrin ní O2 Academy ní Brixton. Gbọ̀ngàn náà ò gbà ju nǹkan bí 5,000 èèyàn lọ. Àwọn tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì náà ya débẹ̀, ẹnu ọ̀nà fún pọ̀. Èèyàn méjì ló kú, ọ̀kan wá wòran, ọ̀kan wà lẹ́nu iṣẹ́ ààbò. Ìlú òyìnbó rèé o, tí wọ́n ní báńsà, tí wọ́n ní àǹbúláǹsì, tí wọ́n ní kámẹ́rà lórí òpó. Wọ́n ti gbọ̀ngàn náà pa, kò ṣí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024. Kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣí, ohun 77 ni ìjọba ìbílẹ̀ Lambeth ní ó gbọ́dọ̀ ṣe. Ohun 77! Alága ní kí n tún nọ́ńbà yẹn pè, ó kọ ọ́ sínú fáìlì.

Kí ni mo fẹ́ lọ jìnnà sí? Nílé níbí, ní pápá ìṣeré ńlá Àbújá tó ń gba 60,000 èèyàn, ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014. Àwọn ọ̀dọ́ wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ti san N1,000 kó tó débẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà kò tó 5,000, àwọn tó ń wá a sì lé ní ìlàjì mílíọ̀nù. Ó kéré tán, èèyàn 7 ló kú ní Àbújá nìkan, àwọn mìíràn tún kú láwọn ìlú mìíràn lọ́jọ́ yẹn. Pẹ́ńsù àti ìwé ẹ̀rí ni wọ́n mú dání. Torí náà, bó jẹ́ ìrẹsì, bó jẹ́ iṣẹ́, bó jẹ́ orin, ọ̀kan náà ni: a ṣèlérí fún ẹgbẹ̀rún, a ṣílẹ̀kùn fún ẹnì kan.

Ohun tí Nọ́ọ̀sì ṣe yẹn ló jí wọn. Gbogbo ẹni tó ní ohun tó ń bà á lẹ́rù, tó ń tijú láti sọ, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u jáde. Bùọ̀dá Kánópì jẹ́wọ́ pé níbi ìkómọ kan ní Dutse, àwọn ọmọkùnrin òun fi òkúta lásán di okùn kánópì mọ́lẹ̀, torí kankéré ò jẹ́ kí irin wọlẹ̀. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò gbé kánópì lọ tààrà sórí òrùlé aládùúgbò, bàbá ìkókó sì wà lábẹ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ka orúkọ ọmọ. Orúkọ kẹta ni wọ́n gbọ́ kẹ́yìn, ìyókù bá ìjì lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ pé àwọn èèyàn ò tíì jókòó tán. A wá pinnu pé rọ́bà omi tó kún ni wọ́n máa so mọ́ gbogbo ẹsẹ̀ kánópì, bí ìjì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ rẹ̀, kí gbogbo èèyàn jáde lábẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran ń lọ lọ́wọ́. Ibi ẹran yẹn mú awuyewuye wá díẹ̀.

Ó kan Màmá Alásè. Ó máa ń gbé sìlíńdà gáàsì ti ìdí àdògán, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó o. Ó ní láti ọdún gbọọrọ ni òun ti ń sè é, kò bú rí. Nọ́ọ̀sì ní ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí, ọjọ́ kan ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Wọ́n gbé ibi ìdáná lọ sẹ́yìn ògiri, jìnnà sí àwọn ọmọdé, wọ́n gbé garawa iyanrìn méjì tì í. Jẹnẹrétọ̀ náà, tí wọ́n máa ń gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má bàa bo orin, wọ́n gbé e bọ́ síta gbangba, torí èéfín yẹn kì í kan ilẹ̀kùn kó tó pààyàn. Ní ti àwọn ọmọdé, téèpù la máa lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn, nọ́ńbà fóònù ìyá wọn ni a máa kọ sí i. Ìyàwó Sójà ní nọ́ńbà bàbá ńkọ́? A ní kó kọ́kọ́ pè é ná, ká mọ̀ bóyá ó máa ń gbé e.

Ó wá ku géètì ẹ̀yìn. Ẹ ò ní bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ nípa rẹ̀? Obìnrin Gbagyi kan ló ń kó igi ìdáná wá fún Màmá Alásè. Àwọn obìnrin wọn kì í ru ẹrù sórí, èjìká ni wọ́n máa ń gbé e lé. Obìnrin yìí máa ń gba géètì kékeré wọlé. Lọ́jọ́ kan mo rí i tó ti iwájú wọlé, ó ti làágùn kanlẹ̀. Pẹ̀lú Hausa jákujàku tí èmi àti òun jọ ń sọ, ó sọ fún mi pé wọ́n ti tì í pa. Mo lọ wò ó. Àgádágodo ti dípẹtà. Búlọ́ọ̀kù tí Lándílọ́ọ̀dù fẹ́ fi kọ́ yàrá àlejò ti gun ara wọn dé àyà géètì, yàrá tó ti ń kọ́ láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ̀ wà ní práìmárì. Ọmọ yẹn ti gbéyàwó. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Lándílọ́ọ̀dù, Lándílọ́ọ̀dù sì wà n'Ílọrin níbi tó ní òun ti lọ wo ilẹ̀.

Alága ní kí á pè é lórí fídíò lójú gbogbo ìgbìmọ̀, kó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni. Lándíléèdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, ó ń bọ́ ẹ̀pà jẹ. Ojú Lándílọ́ọ̀dù yọ. A rí kọ́tìnnì aláwọ̀ osùn lẹ́yìn orí rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àgádágodo òun, olè máa gba ibẹ̀ wọlé, òun ni òun kọ́lé. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí ohùn obìnrin kan ní, “Dádì, àmàlà ti ń tutù o.” Ẹ̀pà já bọ́ lọ́wọ́ Lándíléèdì. Ní Lándílọ́ọ̀dù bá ní, “Ẹ gé e! Ẹ gé e kíá, mo fọwọ́ sí i!” Iná fóònù rẹ̀ sì kú. Wẹ́dà àdúgbò gbé ayùn irin dé, ó gé e. Àwọn ọ̀dọ́ kó búlọ́ọ̀kù kúrò. Ti ilẹ̀ tó lọ wò n'Ílọrin, ọjọ́ mìíràn la máa sọ ìyẹn.

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ Maitama ni àwọn ọlọ́pàá Àbújá ti kéde pé ẹni tó bá fẹ́ kó èrò jọ láti ta wọ́n lọ́rẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó àwọn létí. Ibi tí fáìlì ti wúlò rèé. Alága kọ lẹ́tà sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó tẹ ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, ó ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Bí Bàbá ṣe ń ti ibẹ̀ bọ̀, ẹ óò rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbà á síṣẹ́ ni. Ó tún kọ 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, gàdàgbà sí ara ògiri.

Ṣùgbọ́n ìrẹsì gan-an ńkọ́? Akọ̀wé ní kí á tẹ kúpọ́ọ̀nù. Mo bi í pé ta ló máa pín kúpọ́ọ̀nù, ibo ni wọ́n sì ti máa tò gbà á? Ó dákẹ́. Alága ní kó kọ orúkọ àwọn tí ó tọ́ sí sílẹ̀. Akọ̀wé kọ mẹ́ta, ó ń yún orí. Akápò kọ orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ méjì, tí wọ́n ní mọ́tò. Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú yí wá sọ́dọ̀ gbéborùn.

Mo so ìró mi le. Mo ní kí Akọ̀wé ṣí ojú ewé tuntun. Obìnrin tó wà ní yàrá kẹta nílé aláwọ̀ búlúù, ọkọ rẹ̀ wà láyé o, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti lọ Líbíà ni kò ti fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́. Bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ ọmọ mẹ́rin ló ń sùn tì í. Ẹ kọ ọ́. Tíṣà tó máa ń wọ táì yẹn, wọn ò tíì sanwó fún un níbi tó ti ń kọ́mọ, omi gaàrí ni mo ń gbọ́ lálẹ́ nílé rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín láéláé. Ẹ kọ ọ́, ẹ gbé tirẹ̀ lọ lóru. Mo ń pè, Akọ̀wé ń kọ. Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Kò tún sọ̀rọ̀ gbéborùn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ayẹyẹ, a ti di ìrẹsì sí náílọ́ọ̀nù. Mẹ́gáàdì àti Akọ̀wé kó o sínú bárò, wọ́n ń tì í láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, oníkálukú ń fọwọ́ sí ìwé nínú fáìlì Alága. Kò sí ìlù, kò sí fọ́tò. Ọmọ kọngílá fẹ́ ya fọ́tò, mo ní kó lọ ya àpò ìrẹsì kó tó tán. Ìrẹsì tó bá ń rìn lọ bá èèyàn kì í tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ojúlé tí ebi ń gbé, kí ló fẹ́ fi ẹnu géètì ṣe?

WhatsApp Akọ̀wé ṣì bí ọmọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí àwọn obìnrin ti dé pẹ̀lú abọ́ àti àpò òfìfo, ọmọ lẹ́yìn wọn. Mẹ́gáàdì dúró síta, kì í ṣe inú, ó ń sọ ọ́ ní Hausa, ó ń sọ ọ́ léraléra: “Babu shinkafa!” Kò sí ìrẹsì níbí. Kò pariwo mọ́ wọn, kò lé wọn. Obìnrin onígi bá wọn sọ̀rọ̀, ó mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. A ti fi àpò díẹ̀ pamọ́ nítorí irú èyí, a sì gbé e fún màyángúwà tiwọn, ó sì pín in fún wọn nílé wọn. Wọ́n yípadà, wọ́n lọ. Àbúrò mi ni kò tètè lọ. Àbúrò mi ti Mararaba jókòó ti ìkòkò Màmá Alásè títí ayẹyẹ fi parí.

Ayẹyẹ náà dùn o. Kí MC tó ṣe ẹyọ àwàdà kan, ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ han gbogbo wa pé géètì ńlá rèé, géètì kékeré rèé, méjèèjì ṣí. Ọmọ Ígálà kan ṣìnà, téèpù ọwọ́ rẹ̀ mú un dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ kí orin kan tó parí. Gbogbo wa wọ àwọ̀ ewé. Ṣọ́ọ̀bù Akápò ti ṣófo.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀. Ìyá Lándílọ́ọ̀dù máa pé ọgọ́rin ọdún ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ń jà. Títì kan ṣoṣo tí kò já sí ibì kankan ni wọ́n fẹ́ dí ṣe é. Wọ́n ti tẹ pátákó ìkéde, mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó tẹ̀ ẹ́. “Gbogbo ayé la pè,” ni wọ́n kọ sí i, wọ́n tún fi kún un ní ìsàlẹ̀ pé àwọn máa pín abọ́ àti agboòrùn fún ẹni 200 àkọ́kọ́. Ẹni 200 àkọ́kọ́! Ẹ bá mi mú ìborùn mi lórí okùn yẹn. Lándílọ́ọ̀dù dé láti Ìlọrin lánàá, mo fẹ́ lọ bi í pé ta ni ẹni igba ó lé kan, ibo sì ni ẹni náà máa dúró sí.